Eérú Abẹ́ Ọkọ̀

"Wọ́n ní ìyá yẹn ní..."

"Ìyá wo?"

"Ìyá aláṣọ funfun ilé Àlàájì. Wọ́n ní ó ní ẹ̀jẹ̀... lójú ọ̀nà..."

"Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Èmi kọ́ ni mo wí i o. Láti Àpòmù ni wọ́n ti gbé e wá. Wọ́n ní ó ní ọkọ̀ yẹn máa... Dákẹ́, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ń bọ̀."

Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń pọ́n dòdò sínú ewé lẹ́bàá títì Ìkirè tẹ orí ba lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́nsúrù kọjá níwájú wọn pẹ̀lú àpótí onígi lórí èjìká. Kò kí wọn, wọn kò kí i. Ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ a máa ní ẹni tó bí i, òun gan-an ló bí eléyìí, ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, ní ìdíkọ̀, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti ń fi ẹ̀rín pa ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ náà ti rìn dé Àpòmù, ó ti padà, ó sì ti sanra lọ́nà.

Ó gbé àpótí náà sínú búùtù ọkọ̀. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ó fúyẹ́. Ogójì ọdún tí obìnrin kan lò nínú ilé, àpótí kan ṣoṣo ló gbà á, kò sì wúwo tó ìlàjì àpò gààrí.

Ọkọ̀ náà gùn bí ọkọ̀ ojú omi, àwọ̀ ewé lára, funfun lórí. Òyìnbó kan tó ń ra kòkó ní Ìbàdàn ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílé rẹ̀ lọ́dún kẹta tí a gba òmìnira, Àlàájì Gàrúbà rà á. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò sí irú rẹ̀ ní Ìkirè, kò sí ní Àpòmù. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Gíà rẹ̀ ń yí ara rẹ̀ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ẹsẹ̀ òsì dẹ́rẹ́bà kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò ni. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ dé, àwọn onílọ́rì wá ń wò ó bí ẹni wo ìyàwó tuntun.

"Mọ́nsúrù, ẹsẹ̀ òsì rẹ ti di Àlàájì ṣáájú rẹ," ni wọ́n ń wí. "Kò ṣiṣẹ́ mọ́, kìkì ìjókòó!"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀rín yẹn pẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ìwà mìíràn. Bó bá fẹ́ kúrò ní gíà kìíní bọ́ sí èkejì, ẹ́ńjìnì yóò ké ròòò bí ẹni tí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ni gíà yóò ṣàdédé dì mú, gbì! ọkọ̀ yóò sì fi orí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sọ ẹ̀yìn ìjókòó. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n tó dé afárá Aṣéjírè, ó ta bẹ́ẹ̀, Àlàájì fi iwájú orí gbá dígí, fìlà rẹ̀ bọ́ sí ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò wọ ọkọ̀ náà mọ́.

Eérú sì wà níbẹ̀.

Ojoojúmọ́, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òkìtì eérú pẹrẹsẹ kan a máa wà lábẹ́ ọkọ̀, ní ọ̀kánkán ibi tí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ń wà. Mọ́nsúrù ti rí i. Ó ti fi bàtà fọ́n ọn ká, ó ti ka "Bísímílà" lé e lórí. Sàlámọ̀tù, ìyàwó Àlàájì, ló jí ṣe àlùwàlá lọ́jọ́ kan tó rí ẹni tó ń dà á: Ìyá Ẹfúnyẹmí ni, nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, àpáàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Sàlámọ̀tù kò bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló sọ fún, àti àbúrò rẹ̀, àti ọ̀rẹ́ kan tó ń ta aṣọ ní Àpòmù.

Ìyá Ẹfúnyẹmí ni àbúrò ìyá tó bí Àlàájì. Ará Orílẹ̀-Òwu ni wọ́n, Ọbàtálá ni ilé wọn ń bọ. Nígbà tí ìyá Àlàájì kú, ọmọ ọdún mẹ́fà ni Àlàájì, obìnrin yìí ló wá tọ́ ọ, kò sì padà sílé rẹ̀ mọ́. Gbogbo ilé di mùsùlùmí, òun dúró sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ àti omi tó ń pọn ní ìdájí kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jà sí i. Ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rántí rẹ̀ mọ́, àfi ìgbà tí eérú yìí dé. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ náà jẹ?

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, Àlàájì pe Mọ́nsúrù sórí ẹní.

"Wọ́n ní ìwọ ni ìyá bá sọ̀rọ̀. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n dárúkọ ẹ̀jẹ̀? Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n dárúkọ ikú ojú ọ̀nà?"

Mọ́nsúrù ń wo etí ẹní tó ti tú. "Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, Àlàájì. Ikú náà wà níbẹ̀."

Àlàájì kò béèrè ohun tó wà láàárín méjèèjì. Mọ́nsúrù náà kò fi kún un.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé e lọ lónìí. Ẹnikẹ́ni kò sọ ẹ̀sùn kankan fún un, nítorí a kì í pe ìyá ẹni dúró kí a máa ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Àlàájì dọ̀bálẹ̀ kí i ní òwúrọ̀, ó ní, "Ìyá, ó ti pẹ́ tí ẹ rí àwọn ará ilé. Ẹ lọ fara balẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní Orílẹ̀-Òwu. Bí ọyẹ́ bá lọ, a ó wá mú yín."

Ìyá náà wò ó títí.

"Ọyẹ́ ọdún wo, Àkànní?"

Àlàájì gbójú sílẹ̀. Obìnrin náà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ó dáa. N óò lọ."

Ìtìjú ni kí wọ́n fi lọ́rì elépo gbé ìyá Àlàájì relé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí Mọ́nsúrù fi ọkọ̀ gbé e. Sàlámọ̀tù ló sọ ìdí kejì sí Mọ́nsúrù létí, nígbà tó ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀: "Bó bá jẹ́ òun ló ń ṣe é, kò ní ta nígbà tó bá wà nínú rẹ̀. Máa wo ọwọ́ rẹ̀ o."

Mọ́nsúrù ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Ẹfúnyẹmí jókòó sẹ́yìn, ó gbé orù kékeré kan lé itan, ó fi aṣọ funfun bo ẹnu rẹ̀. Nínú dígí kékeré tó wà lókè orí rẹ̀, Mọ́nsúrù ń wo orù náà ju bó ṣe ń wo títì lọ. Wọn kò tíì kọjá ilé tó kẹ́yìn ní Ìkirè tí ẹ́ńjìnì fi ké, ròòò, tí gíà sì dì mú, gbì. Ọwọ́ ìyá náà lọ sórí orù. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ kí ọkọ̀ tó ta, tàbí lẹ́yìn tó ta tán? Mọ́nsúrù kò lè búra. Ó dẹwọ́, ó tún fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣọ́ dígí. Ròòò. Gbì. Ọwọ́ náà tún wà lórí orù.

"Mọ́nsúrù."

"Ìyá."

"Kí ni wọ́n ní mo wí?"

"N kò mọ̀, ìyá."

"Ìwọ tí etí rẹ ń sùn ní ìdíkọ̀?"

Eruku ọyẹ́ ń fẹ́ gba ojú títì kọjá, ewé kòkó pupa rẹ́súrẹ́sú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìyá náà kò tún béèrè. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ba Mọ́nsúrù lẹ́rù ju ìbéèrè lọ, ó sì ń rò ó pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìbá ti pariwo.

Ní àbáwọ̀lú Àpòmù, ẹ́ńjìnì ké, ó ń ké, gíà kò sì dì mú mọ́. Mọ́nsúrù tẹ̀ ẹ́ títí, ariwo nìkan ló ń jáde. Ọkọ̀ náà ń yí lọ́wọ́ ara rẹ̀ títí ó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Lọ́kàn Mọ́nsúrù, ọ̀rọ̀ tó ti ń rìn láti oṣù kan wá dúró pẹ̀lú rẹ̀: ó kú sójú ọ̀nà.

Oore ibẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ Ògúnbùnmi tó ń tún ọkọ̀ ṣe kò jìnnà. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko bá wọn ti ọkọ̀ náà dé abẹ́ igi ọdán tí ọkùnrin náà fi ṣe ojú iṣẹ́. Ògúnbùnmi ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ogun Bọ́mà ló ti kọ́kọ́ di sípánà mú, ó sì ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní Ìbàdàn fún ọdún mélòó kan kó tó padà sílé. Ó yọjú láti abẹ́ lọ́rì kan, ó wo ọkọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ọkọ̀ tó kọ ẹsẹ̀ òsì nìyí? Ó ti wá kọ ẹsẹ̀ ọ̀tún náà."

Mọ́nsúrù kò rẹ́rìn-ín. Ó fà á sẹ́yìn lọ́rì. "Bọ̀dá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ohun tó ń ṣe é kò sí nínú irin." Ó fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ó jókòó síbẹ̀ yẹn."

Ògúnbùnmi wo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ síbi ọkọ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá náà, ó gbé àga fún un lábẹ́ igi. Nígbà tó padà dé, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀.

"Mọ́nsúrù, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tú ọkọ̀. N kò tíì bá àjẹ́ nínú ọ̀kankan rí. Eku ni mo bá lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ kò tíì rí eérú tó ń wà lábẹ́ rẹ̀ ni."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí inú rẹ̀ ná."

Ó ní kí ọkọ̀ náà tutù kí òun parí ti lọ́rì. Wákàtí kan gbáko ni Mọ́nsúrù fi dúró, tó ń wo ìyá náà láti òkèèrè. Ìyá náà kò ṣe nǹkan kan. Ó jókòó, ó di orù rẹ̀ mú, ó ń wo àwọn ewúrẹ́. Nígbà tó yá, Ògúnbùnmi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Òwúrọ̀ ló máa ń ta ni, àbí ìgbà tó bá gbóná?"

"Ìgbà tó bá gbóná ló máa ń le."

"Ṣé ó máa ń ké kó tó ta?"

"Á ké bí ẹni tí wọ́n tì ṣubú."

"Epo gíà ńkọ́?"

"Ó kún!" Ohùn Mọ́nsúrù gòkè. Ọ̀rọ̀ yìí dá a lójú ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ. "Ojoojúmọ́ ni mo ń wò ó, ní ìdájí, kí n tó tan án. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nídìí lọ́rì nìyẹn. Wọ́n máa ń ní dẹ́rẹ́bà tó bá tan ẹ́ńjìnì kó tó wo epo, olè ni."

Ògúnbùnmi fa géèjì yọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn epo gíà. Ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ. Epo wà lára rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú àmì.

"Ẹ rí i?" ni Mọ́nsúrù wí. Ó yà á lẹ́nu bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. "Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo."

Ọkùnrin náà fi epo náà ra ìka méjì, ó gbé e sí imú, ó sì gbé e sí imú Mọ́nsúrù. Òórùn rẹ̀ dà bí ti dòdò tí ẹni tó ń dín in gbàgbé sórí iná.

"Pupa ló yẹ kó jẹ́, kó mọ́ bí omi sóbò. Wo bó ṣe dúdú. Epo yìí ti jó." Ó ń wo irin náà bí ẹni tó ń wo ẹlẹ́rìí tí ẹnu rẹ̀ kò bá ara mu. "Epo tó bá kún kì í jó báyìí. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ń purọ́, ìwọ tàbí irin yìí."

"Èmi?"

"Mo ní ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì." Ó ń fi irin náà lu àtẹ́lẹwọ́. "Ní Ìbàdàn, òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ní irú rẹ̀. Kò fi ìgbà kan wo géèjì yìí kí ẹ́ńjìnì tó máa ṣiṣẹ́. Mo máa ń rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é, pé kò fẹ́ dìde nígbà méjì." Ó tì í padà sí ihò. "Tan án."

"Kí n tan án kí ẹ tó wo epo?"

"Tan án, olè."

Mọ́nsúrù tan án. Ògúnbùnmi ní kó jẹ́ kó gbóná, kó mú ọ̀pá gíà lọ sí gbogbo ibi tó ń lọ, kó dá a padà. Nígbà tí ẹ́ńjìnì ń kùn lọ́wọ́, ó fa irin náà yọ, ó nù ún, ó tì í, ó tún fà á yọ, ó sì gbé e sójú oòrùn.

Irin náà gbẹ. Ẹnu ṣóńṣó ìsàlẹ̀ nìkan ló tutù, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ohun tó wá sọ́kàn Mọ́nsúrù ni kànga ilé Àlàájì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ènìyàn bá yọjú sí i ní ìdájí, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ju okùn sí i, omi á máa dán nínú rẹ̀ bí ohun tí kò lè tán láé. Bó bá di ọ̀sán, tí okùn mẹ́ta bá ń lọ tó ń bọ̀, iyanrìn ni garawa ń ha. Oṣù kan gbáko ló ti ń yọjú sí kànga tó ń sùn, tó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé omi wà.

"Bí ẹ́ńjìnì bá sùn, gbogbo epo á ṣàn padà sísàlẹ̀, á sì dà bí ẹni pé ó pọ̀," ni Ògúnbùnmi wí. "Bó bá jí, ó di ohun tí a ń wá kiri. Afẹ́fẹ́ ni gíà rẹ ń mu. Kò rí ohun dìmú, ló ṣe ń ké. Ìgbà tó bá rí díẹ̀, á fi ìbínú dì í mú." Ó wo abẹ́ ọkọ̀. "Ó ń jò níbì kan. Ọkọ̀ tó bá ń jò tó báyìí kò lè ṣàì fi àpá sílẹ̀ níbi tó ń sùn. Ẹ kò rí ohun pupa kankan nílẹ̀ láàárọ̀?"

"Eérú ni mo ń rí."

"Èmi ni mo ń da eérú."

Ohùn láti abẹ́ igi ni. Ìyá Ẹfúnyẹmí kò dìde, kò sì gbé ohùn sókè. "Bí epo bá dà sílẹ̀ níwájú ilé, ṣé ẹ ó fi sílẹ̀ kí ọmọ ènìyàn tẹ̀ ẹ́ kó yọ̀ ṣubú ni? Àlàájì alára a máa gba ibẹ̀ lọ kírun."

Ògúnbùnmi rẹ́rìn-ín, ó ti rí ohun tó ń wá. "Ẹ ṣeun, ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ fún ẹnì kankan?"

Ìyá náà wo Mọ́nsúrù. Ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Ó kàn wò ó, bí ẹni tó gbé àga fún àlejò tó sì ń dúró kó jókòó. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn ewúrẹ́.

Mọ́nsúrù bẹ̀rẹ̀ sí í wá jáàkì kiri, bẹ́ẹ̀ jáàkì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ó rántí. Kò gbàgbé rí, kó sọ òótọ́. Ìdájí ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti géèjì padà sí ihò ni. Ìyá náà sọ ọ̀rọ̀ náà fún un ní ìdúró, ó fi ọwọ́ júwe ilẹ̀. Òun náà dáhùn pé, "Ó kún, ìyá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán." Kò bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. Kí ni arúgbó tó ń bọ̀ láti ìdí kànga mọ̀ nípa ọkọ̀ òyìnbó? Ní ìdíkọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí ẹ̀rín fẹ́ tán lẹ́nu wọn, ó gbé e sílẹ̀ fún wọn bí ẹni gbé ẹ̀pà sílẹ̀: "Ìyá wa ní ọkọ̀ Àlàájì ń ṣẹ̀jẹ̀! Wọ́n ní á kú sójú ọ̀nà!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun ló rẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà padà dé pẹ̀lú ojú mìíràn, òun náà bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ilé tó ti jáde. Ìgbà tí Àlàájì sì bi í, bó bá là á, wọn á bi í pé, ìwọ tí wọ́n sọ fún, kí lo ṣe sí i?

"Epo rẹ̀ kò sí ní Àpòmù," ni Ògúnbùnmi wí láti abẹ́ ọkọ̀. "A kì í sì í fi ti ẹ́ńjìnì dípò rẹ̀. Òyìnbó yẹn ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún yín?"

Agolo mẹ́ta ló wà nínú búùtù, lábẹ́ táyà. Mọ́nsúrù ti rí wọn láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dé, kò béèrè ohun tí wọ́n wà fún. Kó tó lè dé ibẹ̀, ó ní láti gbé àpótí ìyá náà sílẹ̀. Ó gbé e sórí ilẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì fi apá aṣọ rẹ̀ nu eruku orí rẹ̀.

Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dẹ̀ lábẹ́ gíà, ọ̀kan ti bọ́ sọnù. Ògúnbùnmi wá irú rẹ̀ nínú agolo nọ́ọ̀tì àtijọ́ rẹ̀, ó fún gbogbo wọn le. Bí ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó rọ epo wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń fa irin yọ, ó ń tì í padà, títí agolo kejì fi tán tí epo fi dé ojú àmì.

"Mú un padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n da èyí tó ti jó nù. Títí di ìgbà náà, má fi eré pa á. Bó o bá sì fẹ́ wo epo rẹ̀..."

"Kí n kọ́kọ́ tan án."

"O ti di olè gidi."

Mọ́nsúrù wà á dé ẹnu ọjà Àpòmù, ó wà á padà. Gíà kìíní bọ́ sí èkejì bí ìgbà tí ènìyàn ń ti ẹ̀gbẹ́ kan yí sí èkejì nínú oorun. Kò gbọ́ ọ. Ó ní láti tẹ́tí kó tó mọ̀ pé ó ti yí.

Ìyá Ẹfúnyẹmí wọlé sẹ́yìn, orù rẹ̀ lórí itan. Wọ́n dé oríta. Ọ̀kan nínú ọ̀nà náà lọ sí Orílẹ̀-Òwu, èkejì padà sí Ìkirè. Mọ́nsúrù dúró, ẹ́ńjìnì ń kùn jẹ́jẹ́.

Bó bá gbé e dé Orílẹ̀-Òwu, kí oòrùn tó wọ̀, òun á ti padà dé Ìkirè nínú ọkọ̀ tó ń lọ bí òróró. Àlàájì á wọ̀ ọ́, inú rẹ̀ á dùn. Kò sẹ́ni tó máa bi òun ní ohunkóhun. Àwọn obìnrin onídòdò ni yóò parí rẹ̀ fúnra wọn: ẹ ò rí i? Ọjọ́ tí ìyá yẹn jáde nílé gan-an ni ọkọ̀ gbádùn. Ta ló máa lè já a? Títí obìnrin náà á fi kú, gíà tó ń yí jẹ́jẹ́ yìí ni yóò máa jẹ́rìí mọ́ ọn, lójoojúmọ́, ní títì, lójú gbogbo ayé. Òun kò tilẹ̀ ní láti la ẹnu.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ni wọ́n máa ń wí. Mọ́nsúrù wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí sítíárì. Ó yí i.

"Ọ̀nà Òwu kọ́ nìyí," ni ohùn kan wí lẹ́yìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

Wọ́n rìn díẹ̀. Ó gbọ́ tí aṣọ gbọn, ó wo dígí. Ìyá náà ti ṣí orù, ó ti igbá kékeré kan bọ inú rẹ̀, ó nà án sí i láti ẹ̀yìn.

"Gbà. Ètè rẹ ti gbẹ."

Ó dẹwọ́ ọkọ̀, ó gbà á. Omi ni. Omi tútù tí wọ́n pọn ní ìdájí, ó ń rùn amọ̀ díẹ̀. Ó mu ún tán.

Àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí ìrun àsárì nígbà tí ọkọ̀ náà wọ Ìkirè. Àlàájì Gàrúbà wà níwájú ilé pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ oníkòkó méjì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Sàlámọ̀tù dìde lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin onídòdò fi ewé sílẹ̀.

"Ó tún kọ̀ ni?" ni Àlàájì wí.

Mọ́nsúrù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Kò kọ̀, Àlàájì. Ọkọ̀ ti dá ṣáká. Epo gíà rẹ̀ ló ń jò, Ògúnbùnmi ti dí i."

"Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú rẹ̀."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Àlàájì. "Ta ló ní kí o dá wọn padà?"

Mọ́nsúrù dìde lé orúnkún. Ó ki ọwọ́ bàpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ jáde, ó gbé e sílẹ̀ sí etí ẹní tó ti tú, níwájú ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn.

"Àlàájì, ẹ bi mí léèrè lọ́jọ́ Jímọ̀, ìdajì ni mo fi dá yín lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mi bi."

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Àlàájì wo ọkọ̀, ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wo Mọ́nsúrù.

"Kí ni ìyá mi wí?"

Mọ́nsúrù gbé orí sókè kí àwọn tó wà lẹ́bàá títì lè gbọ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un ní ìdájí ọjọ́ náà ló ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ìmí tí wọ́n mí sí i.

"Wọ́n ní, 'Mọ́nsúrù ọmọ mi, ohun pupa kan ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ yín yìí, ó dà bí ẹ̀jẹ̀. N óò máa da eérú sí i kí ẹnikẹ́ni má baà yọ̀. Bẹ̀rẹ̀ wò ó, kí o sì sọ fún Àkànní, kó má lọ kú mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Èmi ni mo tọ́ ọmọ yẹn, n ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe é.'"